Igbe tí Mìsítúrà ké lórí yìnyín

Láti ìgbà tí àbúrò mi Mìsítúrà ti dé Peckham, ní London níbí, ló ti ń wa ọkọ̀ jẹun. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló ń wà, èyí tó ń kó àwọn arúgbó Walworth, Kennington àti Stockwell lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán pọ̀, tí wọ́n ti ń ta káàdì. Àwọn arúgbó yẹn fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Bí wọ́n bá rí dérébà míì, wọn á fajú ro, wọn á ní Mìsí làwọn ń fẹ́. Kò kọ lu èèyàn rí, kò kọ lu mọ́tò rí, kódà kò ha ara ọkọ̀ rí. Ẹnu rẹ̀ sì mú! Ó lè máa bú dérébà ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Camberwell títí dé Elephant láìdákẹ́. Ẹ má bi mí ibi tó ti kọ́ ọ, èmi Sìdíkàt ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìgbà òtútù ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń hàn jù. Bí yìnyín bá bọ́, á sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní fúláàtì wọn láàárọ̀, á gbá gbogbo orí ọkọ̀ mọ́, kì í ṣe ojú gíláàsì nìkan bíi tàwọn ọ̀lẹ, torí pé èyí tó wà lórí lè ya wálẹ̀ bo dérébà lójú lórí eré. Á fi àyè gbọọrọ sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ̀ iwájú. Èyí tó funfun kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní èyí tó funfun ti kìlọ̀ fún ẹ. Èyí tó dì mọ́ ọ̀dà, tí ilẹ̀ ń dán bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìyẹn ni apànìyàn. Ó ní bí táyà bá ti gun ìyẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹni tó bá tẹ bíréèkì ti gbé. Kó o gbé ẹsẹ̀ kúrò, kó o rọra darí rẹ̀ síbi tó o fẹ́ lọ, kó o máa pe Ọlọ́run.

Roqeeb nìkan ni ọmọkùnrin tó bí, London níbí ló sì bí i sí. Ọmọ dáadáa ni o, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn. Àmọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀, ẹ gbà mí! Ó ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù, ó ní, “Big Mummy, ọkọ Mummy ti bàjẹ́, wọ́n ti fi lọ́rì fà á lọ.” Mo figbe ta, mo rò pé nǹkan ti ṣe Làtíìfù, bàbá rẹ̀. Àṣé ọkọ̀ ló fẹ́ pè! A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro wá. Làtíìfù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà ooru ọdún tó kọjá, Roqeeb gba làísẹ́ǹsì. Nígbà tó di ìgbà òtútù, ó ríṣẹ́ fáànù, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, kó máa gbé ẹrù lọ sílé àwọn tó bá ra nǹkan. Ọjọ́ Ajé ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, yìnyín bọ́ ṣáá. Nígbà tó di àárọ̀ Sunday, bọ́ọ̀sì kankan ò gun òkè mọ́. Èmi sì ní shift ní tèmi, ìyá arúgbó kan wà ní Forest Hill tí mo gbọ́dọ̀ wẹ̀ fún kó tó jẹun àárọ̀. Mo pe Mìsítúrà.

“Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀,” ló wí. “Roqeeb á gbé yín lọ, èmi á jókòó tì í. Kó kọ́ yìnyín lónìí lójú mi, kó má baà lọ kọ́ ọ lọ́la lóun nìkan.”

Ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Kò sí nǹkan míì tó ń wá lójú ọ̀nà yẹn.

Mọ́tò tirẹ̀ la gbé, Toyota àtijọ́ kan tí kò ní ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń bá dérébà tọ́jú bíréèkì. Roqeeb wà nídìí ọkọ̀, Mìsítúrà wà lápá òsì rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Láti Rye Lane ló ti ń kọ́ ọ. “Jíà kejì. Rọra. Fi ẹni yẹn sílẹ̀ kó máa lọ, ṣé àbúrò ẹ ló ń wà á ni?” Roqeeb ń dáhùn pé, “Safe, Mummy. Calm.” Ó ń wà á dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. A gun òkè Honor Oak jẹ́jẹ́. Nígbà tá a máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ojú ọ̀nà mọ́ kedere, kò sí funfun kankan níbẹ̀. Roqeeb mí kanlẹ̀. Ó ní, “Mummy, yìnyín ti tán,” ó sì jẹ́ kí mọ́tò sáré díẹ̀.

Mo rí ọrùn Mìsítúrà tó le gan-an. Ó ti rí i pé ilẹ̀ ń dán.

Ìdí mọ́tò yọ̀ lọ sápá ọ̀tún, àfi bí ìgbà tí wọ́n fa ẹní yọ lábẹ́ wa. Roqeeb ki ẹsẹ̀ bọ bíréèkì. Mìsítúrà pariwo. Òun tó ń fi òyìnbó bú èèyàn káàkiri ìgboro, jìnnìjìnnì dà bò ó, Yorùbá ló jáde.

“Máááá tẹ̀ ẹ́! Roqeeb, máááá tẹ̀ ẹ́!”

Ẹ̀yin náà, ẹ fetí yín gbọ́ ọ. Má tẹ̀ ẹ́ ló ń sọ. Ẹ̀rù ló fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Peckham ò mọ ìyàtọ̀. Máa tẹ̀ ẹ́ ló gbọ́, ó sì jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó gbé gbogbo ara lé bíréèkì náà. Bí ìyá bá ṣe ń ké sí i, bẹ́ẹ̀ lọmọ ń tẹ̀ ẹ́ sí i.

Táyà kò yí mọ́. Mọ́tò fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lọ sísàlẹ̀ òkè, ó gbá mọ́tò kan tó dúró, gíláàsì fọ́ lù wá, ó tún gbá òmíràn, ó wá yí po. Mo ń ké pe Ọlọ́run, mi ò mọ èyí tí mò ń wí. Lọ́rì àwọn kọ́lékọ́lé kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n to òpó irin sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Mìsítúrà jókòó sí la fi kọ lù ú.

Gbàà! Ilẹ̀kùn wọlé bá a. Òpó irin kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó ya awọ orí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn etí, ó gún ìjókòó mi nítòsí ọrùn. Iwájú mọ́tò wó lu ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó rún un. Ẹ̀jẹ̀ tú sí gíláàsì, ó tú sí mi lójú, ó gbóná. Mo rí eegun. Mo rí eegun àbúrò mi tó yọ síta nínú sòkòtò, ó sì ń pariwo tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tó bímọ.

Roqeeb ò ní ju ètè tó bẹ́ lọ. Ó la ojú kalẹ̀, ó ń wo iwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí bíréèkì. Mo ní, “Roqeeb, gbé ẹsẹ̀ kúrò!” Kò gbọ́. Mo nawọ́ síwájú, mo gbá a létí. Ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Àwọn panápaná ló fi ẹ̀rọ gé ilẹ̀kùn kí wọ́n tó lè fà á jáde. Nígbà tá a dé ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Kò tíì jí nígbà tí Làtíìfù dé, ó sáré wọlé, jákẹ́ẹ̀tì tó fi ń wa takisí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Mo tẹ bíréèkì, Daddy. Mummy ní kí n máa tẹ̀ ẹ́.”

“Mìsítúrà? Mìsítúrà ló ní kó o tẹ bíréèkì lórí yìnyín? Má tẹ̀ ẹ́ ló sọ! Má! Má! O ò gbọ́ èdè ìyá ẹ!”

Gbogbo má tó pè, ẹ̀ṣẹ́ ló fi ń tẹ̀ lé e. Ètè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún ọmọ náà tún já. Ó fún un lọ́rùn mọ́ ògiri, ó ń pariwo pé, “Ìwọ lo gé ẹsẹ̀ rẹ̀! Ìwọ lo gé e!” Roqeeb ò janpata. Ó ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó ní, “Ẹ pa mí, Daddy.” Nígbà tí mo fà á tì, mo gé Làtíìfù jẹ lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, ìgbà yẹn ló tó fi í sílẹ̀. Sikúríítì lé e jáde.

Látìgbà yẹn, Roqeeb ò jẹun mọ́, kò sùn. Kò débi iṣẹ́ fáànù yẹn rárá. Á jókòó, á máa sọ ọ́ sí ara rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, má, máa, má, máa, kò sì lè mú un yàtọ̀ síra. Mo bá a níbi tó ti ń fi orí gbá ògiri bálùwẹ̀. Lọ́jọ́ míì, mo bá a lórí bálíkónì fúláàtì wọn tó ga fíofío yẹn, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá irin. Mo fi aṣọ rẹ̀ fà á wọlé, àwa méjèèjì ṣubú lulẹ̀, mo sì lù ú, mò ń lù ú, mò ń sunkún. Mo lọ bá Mìsítúrà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, mi ò fi bò fún un. Mo ní ọmọ yìí máa kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ó ní kí n pe ọmọ náà àti bàbá rẹ̀ wá.

Wọ́n wá. Làtíìfù dúró lápá kan, ọmọ dúró lápá kejì, wọn ò wojú ara wọn. Roqeeb kúnlẹ̀. Ó ní, “Mummy, please. Kí lẹ sọ? Just tell me. Kí lẹ sọ gan-an?”

Mìsítúrà wò ó. Ó wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ gún régé.

“Máa tẹ̀ ẹ́ ni mo sọ. O gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀rù ló bà mí, orí mi dàrú, èmi ni mo ṣì í. Ohun tí ìyá ẹ ní kó o ṣe lo ṣe.”

Obìnrin tó ti ń wakọ̀ látọjọ́ pípẹ́ wá! Mo la ẹnu mi. Ó yíjú sí mi kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

“Àǹtí, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?”

Àbúrò mi ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, “Mo gbọ́ ọ. Máa tẹ̀ ẹ́ ló sọ.”

Làtíìfù fi orí lé ògiri, ó sunkún bí ọmọdé, ó ń bẹ ọmọ rẹ̀. Roqeeb gbé orí lé bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó kù, ó sì sùn lọ níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ó ń jẹun báyìí. Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì ló ń wa bọ́ọ̀sì àwọn arúgbó. Ní mọ́sáláṣí, mo máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ pé ẹnu Mìsítúrà fúnra rẹ̀ ló gé e lẹ́sẹ̀, pé àṣé kò mọ ọkọ̀ wà tó bó ṣe ń fọ́nnu. Á rẹ́rìn-ín, á ní bẹ́ẹ̀ ni o, òun ṣì í sọ. Ó ń dùn mí! Ó ń dùn mí débi pé mo fẹ́ bọ́ bàtà, kí n fi na ẹnu wọn. Mi ò lè gbé e sínú mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, torí pé Roqeeb ò lè kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè kà á, ẹni tó bá dán an wò, tó túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ yẹn, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà.