Ohun Tí Rédíò Kò Fẹ́ Sọ Nípa Ogun Làìbéríà

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá rò pé ọjọ́ pípẹ́ á ti pa ìbínú yẹn kò mọ̀ mí. Tí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, tí mo gbọ́ ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn, ohùn dídùn tó ń lọ geerege bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń sunkún níbì kankan láyé, ńṣe ni ara mi máa ń gbóná.

Kùmásì ni wọ́n bí mi sí, ní Fante New Town. Ìlọrin ni àwọn òbí bàbá wa ti gbé e wá ní kékeré. Kéú ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, ó sì ń ta búta, tẹ̀sùbáà àti ẹní ìkírun nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé. Àwọn Yorùbá ń pè é ní Alfa, àwọn Àṣàǹtí àdúgbò ń pè é ní Agya Kramo, bàbá onímàle. Èmi ní ìsọ̀ ní Anloga Junction, mò ń ta ìṣó àti gúlù fún àwọn káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí bàbá wa, ló gba Làìbéríà lọ. Aṣọ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń tà ní Monróvíà. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ìyàwó yẹn, Asafo, ní Kùmásì kan náà, ni wọ́n bí i sí. Èmi àti òun la jọ dàgbà. Ọ̀rẹ́ mi ni kó tó di ìyàwó wa, èmi ni mo sì mú un mọ ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá wa kò fẹ́ràn rédíò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù wọn, orí rédíò ló ti gbọ́ ọ pé ilẹ̀ tí wọ́n sin àwọn òbí rẹ̀ sí kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀. A lọ sí Ìlọrin, nígbà tó yá a padà wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun wọ Monróvíà, lọ́dún 1990, tí a ò gbúròó ẹ̀gbọ́n mi mọ́, kò sí ohun mìíràn tí bàbá wa lè gbára lé. Ó ra bátìrì tuntun, ó gbé rédíò sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀. Tó bá kírun Mọ̀gàríbì tán, rédíò ló kàn.

Àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pawọ́ pọ̀, wọ́n kó ṣójà lọ sí Monróvíà láti pa iná ogun náà. Ṣójà Gánà wà níbẹ̀, ṣójà Nàìjíríà wà níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ìròyìn rédíò ìjọba ti yí padà. Ogun tán lórí rédíò. Ohun tó kù ni pé àwọn ará ìlú ń jó pàdé àwọn ṣójà wa, pé ọkọ̀ ojú omi gbé ìrẹsì lọ, pé ọ̀gá kan bọ ọ̀gá kejì lọ́wọ́. Wọ́n á ní ọkàn gbogbo ènìyàn ti balẹ̀. Ọkàn ta ni?

Tí a bá yí i sí rédíò àwọn òyìnbó, ìbínú mìíràn ni. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ síwájú olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Á máa fọ́nnu, á máa rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

“Àwọn tiwa ń bo òkú mọ́lẹ̀,” bàbá wa á sọ bẹ́ẹ̀. “Àwọn yẹn ń gbé apànìyàn jókòó lórí àga. Ta ló máa wá sọ fún mi bóyá ọmọ mi jẹun lónìí?”

Ọkùnrin Àṣàǹtí kan yá yàrá lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò tí àwọn ṣójà tó ń ṣèjọba gbé kalẹ̀. Tó bá ti wà nítòsí, kálukú á ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ohun tí bàbá wa ń sọ.

“Agya Kramo,” ó ní, “mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Àkókò ogun nìyí. Rédíò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àwọn ọmọ wa tó wà lójú ogun.”

“Ọmọ tèmi náà wà lójú ogun,” bàbá wa dá a lóhùn. “Kò kàn ní ìbọn lọ́wọ́ ni.”

“Ẹ ṣe sùúrù. Tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á sọ.”

“Nígbà wo?”

Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni pé kí n bá òun bẹ bàbá mi. Mo gbé ojú mi síbòmíràn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin Yorùbá kan tí a mọ̀ dé láti Monróvíà. Ọkọ̀ ojú omi ló kó òun àti àwọn mìíràn tó ń sá fún ogun dé Tema, ó sì wá bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní Asafo. Bí a ṣe gbọ́, èmi àti bàbá wa sáré lọ. Obìnrin tó sanra dáadáa tẹ́lẹ̀ ti gbẹ, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó di ife náà mú, kò mu ún.

“Alfa, ẹ dákun, mi ò rí ọmọ yín,” ó sọ ọ́ kí bàbá wa tó béèrè. “Ṣọ́ọ̀bù wọn ti jóná kí n tó kúrò. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń ya ilé kiri, wọ́n ń wá ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gánà, nítorí pé ìjọba wa kó ṣójà wá bá wọn. Wọ́n á ní kéèyàn sọ̀rọ̀. Tí ohùn rẹ̀ ò bá ti jọ ti ará ibẹ̀, ó parí.” Ó gbójú sókè, ó wò wá. “Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ lórí rédíò ni?”

Bàbá wa dìde, ó jáde láìwọ bàtà. Mo gbé bàtà náà tẹ̀lé e, mo bá a létí títì níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì tírótíró ti ń pe èrò, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Haúsá. Haúsá ló máa ń sọ tí inú bá bí i kọjá ààlà.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Kùmásì. Àwọn obìnrin Yorùbá mìíràn láti Asafo bá wa lọ, àwọn tí ọmọ wọn tàbí ọkọ wọn wà ní Monróvíà. Rédíò náà máa ń ka ìkéde fún aráàlú: ẹni tó kú, ẹni tó sọ nù, kódà màlúù tó já okùn. Ohun tí a fẹ́ kò ju kí wọ́n pe orúkọ àwọn èèyàn wa, kí wọ́n sọ pé ogun há wọn mọ́ Làìbéríà, kí ẹni tó bá rí wọn lára àwọn tó ń sá bọ̀ wá sọ fún wa.

Ọmọbìnrin tó ń gba ìkéde gbọ́ ọ tán, ó ní kí a dúró, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó kí bàbá wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

“Bàbá, ṣé ìkéde ìsìnkú ni?”

“Ọmọ mi ò kú.”

“Tó bá jẹ́ ìsìnkú, ìrọ̀lẹ́ òní la máa kà á. Ṣùgbọ́n tí a bá kéde pé àwọn èèyàn wa há sínú ogun, ẹ̀rù á ba ìlú. Àwọn ìyá ṣójà ń gbọ́ wa.”

“Ṣé kí n wá sọ ọmọ mi di òkú kí ẹ tó pe orúkọ rẹ̀?” bàbá wa béèrè.

Ọ̀gá náà fọwọ́ pa orí. “Bàbá, ẹ̀yin Alata, ẹ̀yin Yorùbá yìí, ṣé ọmọ Gánà ni àwọn èèyàn yín tàbí ọmọ Nàìjíríà? Tó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, ẹ ò ṣe lọ bá aṣojú ìjọba yín ní Accra?”

Ibẹ̀ ni mi ò ti lè mú un mọ́ra. Twi ló já jáde lẹ́nu mi, torí Twi ló máa ń kọ́kọ́ wá tí ara bá ń gbóná mi. Mo ní Kùmásì ni ìyá wa bí ẹ̀gbọ́n mi sí, níbi tí wọ́n bí ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ sí. Mo ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún wa pé ọkàn gbogbo ènìyàn ti balẹ̀. Mo fa ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà síwájú rẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ ti wú nítorí ẹkún. “Hwɛ! Ẹ wo èyí! Ṣé ọkàn tirẹ̀ náà balẹ̀?”

“Madam, kì í ṣe ẹjọ́ wa. Láti Accra ni ìròyìn ti ń wá.”

Obìnrin olójú wíwú yẹn kò bá a jiyàn. Ó kàn jókòó sórí sìmẹ́ǹtì níwájú tábìlì wọn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó kù jókòó tẹ̀lé e. Bàbá wa náà jókòó, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Àwọn tó wá kéde òkú ń fẹsẹ̀ dá wa kọjá. Nígbà tó pẹ́, ọ̀gá náà gbà pé àwọn á kà á, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

A pé jọ sídìí rédíò lọ́jọ́ tí wọ́n kà á. Wọ́n ní àwọn ẹbí àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tètè máa bọ̀ wálé. Wọ́n pe orúkọ wọn, wọ́n pe ti ẹ̀gbọ́n mi lódì, ó parí. Kò sí Làìbéríà níbẹ̀. Kò sí ogun. Ìkéde ìsìnkú ló tẹ̀lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, káfíńtà kan tó wá ra ìṣó lọ́wọ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo gbọ́ orúkọ ilé yín lórí rédíò. Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe tó fi sá kúrò nílé? Àbí ó fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún ni?” Mi ò ta ìṣó náà fún un. Mo ní kó máa lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi dé, òun nìkan. Freetown ló gbà jáde. Àwọn ọmọ kéú ń ké kéú lọ́wọ́ nígbà tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀, bàbá wa sì dì mọ́ ọn nílẹ̀ níbẹ̀, wọn ò tètè dìde.

“Ìyàwó rẹ ńkọ́?” bàbá wa béèrè.

Ó kọ́kọ́ wẹ̀, ó sì jẹun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, tó ń wo ilẹ̀. Inú yàrá ẹ̀yìn ilé ọ̀rẹ́ wọn kan, ará Làìbéríà, ni wọ́n sá pamọ́ sí. Wọ́n ní rédíò kékeré kan, wọ́n máa ń gbé e lé etí kí ohùn rẹ̀ má bàa jáde síta. Oúnjẹ tán. Lọ́jọ́ kan, rédíò sọ pé àwọn ṣójà alápapọ̀ ti gba apá ìlú tí wọ́n wà, pé ibẹ̀ ti rọ̀, pé àwọn ènìyàn ti ń jáde lọ wá oúnjẹ. Ìyàwó rẹ̀ ní òun á lọ, torí wọn kì í fura sí obìnrin tó ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má lọ. “Ìwọ náà gbọ́ ọ,” ìyàwó náà sọ fún un. “Wọ́n ní ó ti rọ̀.” Ó wé gèlè, ó mú àpò, ó jáde. Kò rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìbọn láti apá ibi tó gbà lọ. Ó wá a títí, kò rí i, kò sì rí òkú rẹ̀.

“Rédíò wo?” bàbá wa ní.

“Bàbá?”

“Mo ní rédíò wo ló sọ ọ́? Tiwa ni, àbí ti òyìnbó?”

“Bàbá, mi ò mọ̀ mọ́. A kàn ń yí i ni. Ohùn kan ló sọ ọ́. Bákan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀.”

Bàbá wa fi etí láwàní bo ojú. Èmi jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo ké títí ohùn mi fi há. Mò ń rí ọ̀rẹ́ mi bó ṣe ń wé gèlè níwájú dígí ìyá rẹ̀ ní Asafo, tá a jọ ń múra lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tó ń ní kí n bá òun di ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gba ohùn kan gbọ́. Kò ṣe ju ìyẹn lọ.

Ayálégbé wa wá kí wa. Ó ró aṣọ ọ̀fọ̀ bí àwọn Àṣàǹtí ṣe máa ń ró o, ó jókòó, ó kẹ́dùn dáadáa. Ká ní ó mọ síbẹ̀, ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, “Ẹ má bínú sí rédíò. Ohun tí wọ́n bá kó fún wọn ni wọ́n ń kà.”

Mo dìde. “Ta ló kó o fún wọn? Ẹ dárúkọ rẹ̀ kí n lọ bá a nílé. Obìnrin kan gbọ́ ohun tí wọ́n kà, ó jáde lọ wá ìrẹsì. Ẹni tó kà á lọ sílé, ó jẹun, ó sùn!”

“Arábìnrin, ṣọ́ ẹnu rẹ,” ó rọra sọ ọ́, a sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Bàbá wa ló dá a lóhùn, ní Twi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní tó bá fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn àwọn ọ̀gá rẹ̀, orúkọ òun Alfa ni kó dá, kó fi ọmọ òun sílẹ̀. Ó ní tó bá sì dé láti ibẹ̀, kó máa wá yàrá síbòmíràn. Ọkùnrin náà kó jáde kí oṣù tó parí. A ń retí àwọn ṣójà fún ìgbà pípẹ́, a ò rí wọn.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní apá àríwá Gánà. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò ní ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi pé ìjọba ti kápá rẹ̀. Mo ti ìsọ̀ mi, mo wọkọ̀ lọ sí Kéjẹ́tíà, níbi tí àwọn ọkọ̀ àríwá ti ń já èrò sílẹ̀. Àwọn obìnrin ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò àti ẹní, ọmọ ọ̀kan nínú wọn fi àkísà di apá. Mo ra wáákyé, ìrẹsì oníẹ̀wà, àti omi tútù fún ìyá náà. Nígbà tó mumi tán, mo bi í ní Haúsá pé níbo ló ti ń bọ̀, kí ló rí níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnìkan ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo jókòó tì í lórí ẹrù rẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.