Rélùweè Orí Tábìlì ní Atíkòrì

Ọ̀rẹ́ mi kan, tó ń tún rédíò ṣe ní Atíkòrì, kì í tan iná sí ohunkóhun kó má gbé imú sún mọ́ ọn. "Wáyà tó máa jó, á kọ́kọ́ rùn," ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ dán rélùweè kékeré tó fi agolo mílíìkì ṣe wò, ìyàwó rẹ̀ dúró tì wá pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Dáádì, bí tiransifọ́mà tó ń fún un níná yìí bá tún jó, màá gbá gbogbo ẹ̀ dà nù."

Ó tan iná. Rélùweè ò mira. Ọ̀rẹ́ mi gbóòórùn, ó já wáyà kíá. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ tó fi so táyà onípáànù pọ̀ ló ń gbé iná láti ojú irin kan bọ́ sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ iná wọn ò gbọ́dọ̀ pàdé.

Ó fa ẹyọ kan yọ nínú ìgbálẹ̀ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gé e, ó fi rọ́pò àwọn sípóòkù, torí igi kì í gbé iná. Ó so wáyà padà, ó tan iná. Rélùweè rọra yí tábìlì po.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó tú okùn ìgbálẹ̀: "Táyà mélòó ló kù fún àwọn ọkọ̀ tó máa tẹ̀lé e, Dáádì?"