Òròmọdìẹ Lára Súwẹ́tà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún mi bí ìwé yìí bá ń kọsẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọwọ́ mi sì mọ òwú ju bíírò lọ. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì mí ni mo ṣe kọ ọ́, tó bá jẹ́ pé mo lè sọ̀rọ̀ lójú èèyàn láìwolẹ̀ ni o.

Ní àwọn ọdún 1980 yẹn, mò ń kọ́ṣẹ́ súwẹ́tà híhun lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé ẹ̀ náà ni mo sì ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù wa kò ju yàrá kan lọ, maṣíìnì kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Maṣíìnì náà gùn bíi bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́rẹ́ tò sí i lára bí eyín. Ohun tó bá hun lónìí ni èmi àti ọ̀gá mi máa jẹ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mi fi máa ń fi aṣọ bò ó ní ìrọ̀lẹ́ bí ọmọ tuntun, tí á sì kí i pé ó dàárọ̀. Títí di òní, kò sẹ́ni tó ṣí inú maṣíìnì yẹn rí. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣí i, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Tí a bá fẹ́ ọnà lára súwẹ́tà, káàdì ni à ń kì bọ maṣíìnì lẹ́yìn. Káàdì náà gùn, ó le bíi páálí, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára ẹ̀. Ibi tí ihò bá wà, maṣíìnì á fi àwọ̀ kejì hun ún; ibi tí ihò ò bá sí, á fi àwọ̀ àkọ́kọ́ hun ún, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, bí ẹni ń kàwé. Òkè òkun ni àwọn káàdì náà ti bá maṣíìnì wá. Ẹran kan wà lára ọ̀kan nínú wọn tí ìwo ẹ̀ pẹ̀ka bí igi.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ìyá tó ni ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò wa wọlé. Ó wo ẹran oníwo náà títí.

“Ẹran wo lẹ ń pe èyí?”

“Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, mà,” ni ọ̀gá mi wí. “Àwa náà ò tíì pàdé ẹ̀.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òròmọdìẹ ni òun ń pe àwọn ọmọ ilé-ìwé òun, òròmọdìẹ náà ni òun sì fẹ́ lára súwẹ́tà wọn, láyà, lẹ́yìn, lápá. Tí a bá lè ṣe ọ̀kan kí òun rí i, gbogbo ilé-ìwé á máa wá sọ́dọ̀ wa.

“A máa ṣe é, mà!” Ọ̀gá mi ti dáhùn kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ìgbà tí ìyá náà lọ tán ló wá jókòó, tó fọwọ́ lẹ́rán. “Báwo la ṣe máa ṣe é báyìí?”

Ó kọ́kọ́ hun súwẹ́tà lásán, ó wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ya òròmọdìẹ sí i. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, oòrùn ti kàn án lórí kó tó ṣe ẹyọ kan. Ó gbé e sókè fún mi.

“Kí ni èyí jọ?”

Mi ò lè parọ́, mi ò sì lè sọ òótọ́, ni mo bá ń wo ẹsẹ̀ mi.

“Ó jọ ẹ̀wà tó hu ẹsẹ̀,” ni òun fúnra ẹ̀ wí, ó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ló bá ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń tún maṣíìnì ṣe ládùúgbò wa. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ ẹ̀, kì í sì í bu irọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun lè gbé maṣíìnì lọ, kí òun ṣí inú ẹ̀, kí òun fi irin tuntun kan síbẹ̀. Á máa hun òròmọdìẹ fúnra ẹ̀, láyà, lẹ́yìn, lápá, a ò sì ní wá káàdì mọ́.

“Tí irin yẹn bá wá há ńkọ́?” ni ọ̀gá mi bi í.

“Ẹ máa pè mí ni.”

“Súwẹ́tà lásán ńkọ́? Ṣé a máa rí ìyẹn hun?”

“Ẹ gbọ́, mà, inú kan náà ni wọ́n jọ máa gbé. Tí ọ̀kan bá há, gbogbo ẹ̀ ló há.”

Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n fi àdéhùn sí àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo lọ kí ìyá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Òfì tó dúró ti ògiri ni wọ́n fi ń hun aṣọ. Wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, mo ń jẹun, mo ń wò wọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọnà sí aṣọ, igi pẹlẹbẹ ni wọ́n ń kì bọ àárín òwú, kí àwọn òwú kan lè gbéra. Tí ọnà bá parí, wọ́n á fa igi náà yọ, òfì á sì padà sí bó ṣe wà.

“Ìyá, ṣé ẹ ò ń tún òfì ṣe kí ẹ tó ṣe ọnà mìíràn ni?”

“Kí ni òfì ṣe fún mi?” Wọ́n ṣíwọ́, wọ́n wò mí. “Igi là ń pààrọ̀. Kí o sáà má jẹ̀ẹ́ kí òwú fò jìnnà lẹ́yìn aṣọ, ìka ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á máa há sí i.”

Mi ò gbọ́ adùn ìkọ́kọrẹ́ náà mọ́. Mo rántí pé nínú àpótí tí wọ́n fi gbé maṣíìnì wá, àwọn káàdì tí kò ní ihò kankan wà níbẹ̀, pẹ̀lú irin ìdáhò, tí a ò fọwọ́ kàn rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilẹ̀ tí mò ń gbá ni mo bá sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mà, káàdì tí ò nihò yẹn…”

“Ta ló sọ̀rọ̀?” Ọ̀gá mi yíjú sí maṣíìnì. “Ìwọ ni àbí ọmọ yìí?”

Ẹ̀rín gba ẹnu mi, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè sọ ìyókù. Mo ní ká dá ihò òròmọdìẹ sí káàdì náà fúnra wa.

“Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?”

“Páálí ló bàjẹ́, mà. A máa fà á yọ ni. Maṣíìnì ò ní mọ̀.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó wá na irin ìdáhò sí mi.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya àpótí kéékèèké sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ihò kan, mo kun àwọn tó máa di òròmọdìẹ. Ní àárín òròmọdìẹ kan sí èkejì, mo ya hóró àgbàdo síbẹ̀ kí òwú má baà fò jìnnà. Mo wá dá a sí ara káàdì. Nígbà tí a hun iwájú súwẹ́tà tán, òròmọdìẹ dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń jẹ àgbàdo. Ọ̀gá mi jó dé ẹnu ọ̀nà. A hun ẹ̀yìn, ó dára. A hun apá méjèèjì, a rán gbogbo ẹ̀ pọ̀, ọ̀gá mi gbé e sókè.

“Yéè! Kí ló pa àwọn tapá?”

Gbogbo òròmọdìẹ tó wà lápá ló na ẹsẹ̀ sókè, tí orí wọn wà nísàlẹ̀.

“Wọ́n ń sùn ni, mà,” ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ ohun tó fà á. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, èjìká la ti ń bẹ̀rẹ̀ apá súwẹ́tà, a ó sì hun ún wá sí ọrùn ọwọ́. Kò sí ìyá Ìjẹ̀bú tó máa ra súwẹ́tà tuntun torí pé ọwọ́ ọmọ gùn. Á mú ti èṣí wá, a ó tú etí ẹ̀, a ó sì fi kún un. Iwájú ń gòkè, apá ń sọ̀ kalẹ̀, káàdì ò sì mọ ìyàtọ̀.

“Òkú adìẹ ò lè wọ ilé-ìwé,” ni ọ̀gá mi wí nígbà tí ẹ̀rín tán. “Tí mo bá sì yí apá padà, àwọn ìyá ọmọ á yarí. O gbìyànjú. Jẹ́ kí ọkùnrin yẹn wá gbé maṣíìnì lọ lọ́la.” Ó bo maṣíìnì. Lọ́jọ́ yẹn, kò kí i pé ó dàárọ̀.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ọ̀gá mi ṣì ń sùn, nígbà tí mo mú kọ́kọ́rọ́. Mo ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, mo mú káàdì mìíràn tí kò nihò, mo sì dá òròmọdìẹ sí i ní ìdoríkodò, tòun ti àgbàdo wọn. Mo fa káàdì àná yọ, mo ki tuntun bọ̀ ọ́, mo hun apá kan láti èjìká wá sísàlẹ̀. Mo gbé e mọ́ apá ara mi: gbogbo wọn dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Mo tẹ́ ẹ sórí maṣíìnì, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ gbé maṣíìnì ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Mo fi káàdì méjèèjì kọ́ ìṣó ara ògiri, ti àyà lókè, ti apá nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìgbálẹ̀, mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sì kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.