Ẹsẹ̀ Tirẹ̀ Ni, Ẹ Bi Í

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa eyín dà, ẹni tí mo fẹ́ràn jù ní agboolé wa l'Ọ́tà ni àbúrò bàbá mi obìnrin. Odi ni wọ́n bí i. Kò gbọ́, kò fọhùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń hun ẹní bíi tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń sùn. Bí òtútù bá mú mi, ìró rẹ̀ ló fi ń bò mí.

Egbò kan wá mú un lẹ́sẹ̀. A wẹ̀ ẹ́, a fi ewé dì í, kò san. Dókítà tó máa ń ti Èkó wá sí dìsípẹ́ńsárì ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lórúnkún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, egbò á pa á. Ó ní kí olórí ẹbí wá tẹ̀ka síwèé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, láyé ọjọ́un, àtàǹpàkò baálé ni àtàǹpàkò gbogbo ilé. Àwọn bàbá wa ránṣẹ́ pe ẹbí dé abúlé Alápòtì, wọ́n fi odidi ọjọ́ kan jókòó sọ ọ́. Ẹ má rò pé ìkà ni wọ́n o, ẹkún ni wọ́n ń sun. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní fẹsẹ̀ kan pàdé bàbá rẹ̀ lọ́run. Bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ baálé, bá lọ sọ fún dókítà pé àwọn ò tẹ̀ka. Èmi àti àǹtí mi wà níbẹ̀; mo di ìró rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé yóò kú.

Dókítà ní, "Òun náà ńkọ́? Kí ló wí?"

"Odi mà ni, dókítà. Kí lodi fẹ́ wí?"

"Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni, bàbá. Ẹ bi í."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fìka ya èèyàn sínú iyanrìn, ó sì pa ẹsẹ̀ kan rẹ́ dé orúnkún. Àǹtí mi wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì, ó ń ṣe bí ẹni ń hun ẹní. Ó fà mí mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́wèé.

Bàbá àgbà dì mọ́ ọn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń gbọ́: "Má bínú, ọmọ mi. A ò bi ọ́."

Àǹtí mi pẹ́ láyé lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Òun ló hun ẹní tí mo gbé lọ sílé ọkọ.

Ayé ti yí padà. Ilé iṣẹ́ ti gba oko wa ní Sángo, ọsibítù sì pọ̀ káàkiri. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan bi ọmọ mi, níṣojú mi, bóyá kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún màmá. Ọmọ mi ti fẹ́ dáhùn. Mo rọra di ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà mú, mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni kí o bi."