Ilẹ̀ Ọ́fíìsì tí Ìyá Ọkọ Mi Bá Mi Pa

Ọmọ Fìdítì ni mí, Ìlọrà ni mo lọ́kọ sí. Ìyá ọkọ mi gbà pé àwa ará Fìdítì mọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó gbìn, a sì mọ̀ ọ́n jẹ, ṣùgbọ́n a kò mọ ilẹ̀ gbá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbá àgbàlá rẹ̀ ní ìdájí. Bí mo bá ti gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ báyìí, yóò yọjú láti yàrá rẹ̀ pé, "Ìyàwó, ìdí ìkòkò omi ńkọ́?" Ìdí ìkòkò omi a sì máa kù lóòótọ́. N kò mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Èmi tí n kò mọ ilẹ̀ gbá yìí ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú ọ́fíìsì ìjọba kan lẹ́bàá títì, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè ní kí n má wá mọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fún mi ní ìwé kí iṣẹ́ náà di tèmi. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ń lá a lálàá. Nílé ọkọ mi, kò sí ohun tí mo ṣe tí ẹnì kan kì í yẹ̀ wò lẹ́yìn mi.

Nígbà tó yá, àdán wọ àjà ọ́fíìsì náà. Wọ́n ṣu sórí tábìlì, wọ́n tọ̀ sára ìwé. Wolé-wolé wá, ó di imú mú, ó ní kí wọ́n lé àdán, kí n sì fi oògùn apakòkòrò fọ ilé náà láti òkè délẹ̀. Ọ̀gá akọ̀wé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọ̀gá ńlá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, bí ilé bá wù ú, òun yóò gbé ìwé mi síwájú rẹ̀ kí ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ fọ ògiri, mo ha ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, mo wá da oògùn dúdú inú ìgò sínú omi, ó funfun bí omi ògì. Mo fi nu fèrèsé, tábìlì, àní ẹsẹ̀ àga. Ọwọ́ mi bó. Nígbà tó fi máa di Sátidé, òórùn oògùn náà le débi pé eṣinṣin kò yà síbẹ̀. Inú mi dùn gan-an.

Ó yẹ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ Àìkú kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ Ìlọrà kò mọ̀ pé ìjọba wà. Ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ ní Fìdítì. Mo bẹ ìyá ọkọ mi kí ó bá mi jókòó tì í. Nígbà tí mo dé lálẹ́, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

"Mo ti bá ọ parí ẹ̀," ni ó wí.

Mo dúpẹ́. Mo rò pé ti ewúrẹ́ ni ó ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ aṣọ tó dára, ó tẹ̀lé mi. A bá ọ̀gá Ìbàdàn, wolé-wolé àti ọ̀gá akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣílẹ̀kùn. Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi pa gbogbo ilẹ̀, yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti gbẹ, ó ń dán.

Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ọkọ mi. Láyé ìgbà yẹn, bí a bá gbá ilé alámọ̀, a ó fi ìgbẹ́ màlúù pò mọ́ ewé gígún pa á, kí a tó lè sọ pé ó mọ́. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sí. Lójú tirẹ̀, òórùn oògùn mi ni òórùn ilé tí aláìsàn kú sí. Ó ti ránṣẹ́ sí gáà Fúlàní, ó sì fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ pa á tán. N kò tíì rí ilẹ̀ tí wọ́n pa dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá Ìbàdàn gbé ẹsẹ̀ sókè, ó wo abẹ́ bàtà rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ìyá ọkọ mi tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sún síwájú, ó la ẹnu. Ta ni yóò fa ìyá ọkọ rẹ̀ lé wolé-wolé lọ́wọ́? Mo yára kúnlẹ̀.

"Èmi ni, sà."

Ojú tí ìyá ọkọ mi fi wò mí kò dára. Ó rò pé ọpẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà.

"Ìgbẹ́ màlúù!" ni wolé-wolé pariwo. "Nínú ọ́fíìsì ìjọba!"

Ọ̀gá akọ̀wé ń wo ògiri. Ọ̀gá Ìbàdàn kò pariwo ní tirẹ̀. Ó ní kí n fọ̀ ọ́ kúrò, kí n má sì wá lọ́la. Ẹnu ìyá ọkọ mi ṣì wà ní lílà. Ó pa á dé.

Mo fọ̀ ọ́ kúrò. A jọ rìn lọ sílé. Mo wọ balùwẹ̀, mo sunkún, kì í sì í ṣe díẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìró ìgbálẹ̀ ló jí mi. Mo jáde. Ìyá ọkọ mi ni, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbá àgbàlá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé, kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ yẹn rí. Ó gbá a dé ẹnu ọ̀nà mi, ó nàró, ó di ìbàdí mú.

"Wò ó, ọmọ mi. Ṣé ó mọ́?"

Mo wo ìdí ìkòkò omi. Ewé kún ibẹ̀.

"Ó mọ́, Ìyá," ni mo wí.