Gílóòbù Kan Lókè Àga Màmá

Gílóòbù mẹ́fà ló wà lára àjà pálọ̀ wa ní Fìdítì. Wọ́n kéré, ẹnu wọn dojú kọ ilẹ̀ bí ẹnu ife. Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló fi wọ́n ta wá lọ́rẹ nígbà tí a ń ṣe àjà náà. Ó ní sípọ́tì ni wọ́n ń pè wọ́n, pé halójìn ni, àti pé kò sí pálọ̀ gidi kan ní Èkó tí kò ní wọn. Ọkọ mi dúpẹ́, èmi náà dúpẹ́. Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Ìmọ́lẹ̀ wọn pọ́n díẹ̀ bí epo tuntun, ẹni tó bá jókòó sábẹ́ wọn a sì máa dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para tán.

Ohun tí kò sọ fún wa ni pé wọ́n ń jó ènìyàn. Kò pẹ́ tí ara àjà tó yí wọn ká fi di àwọ̀ èèpo búrẹ́dì. Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ni àga rẹ̀ wà lábẹ́ èyí tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù lọ. Bí a bá ti tan iná ní ìrọ̀lẹ́, á gbé ọwọ́ lé àárín orí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí ẹ bá fẹ́ sè mí, ẹ sọ fún mi. Ẹ sì má gbàgbé iyọ̀."

"Màmá, ẹ sún àga yín sẹ́yìn," ọkọ mi á wí.

"Kí n sún sẹ́yìn kí n má rí ìwé kà? Sè mí lọ, Bàbá mi."

Ìmíni ni wọ́n bí Màmá sí. Oko ló dàgbà sí, ẹnikẹ́ni kò rán an nílé ìwé. Ó ti bímọ tán kí ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà lọ́dọ̀ wọn tó dá kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àgbà, ó sì wọ̀ ọ́. Ó máa ń sọ fún wa bí àwọn ọkọ kan ṣe ń bú wọn lójú títì pé wọ́n ń lọ kọ́ bí wọn yóò ṣe máa kọ̀wé sí àlè. Ó kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, ilé yòówù tó bá wà, òun ló máa ń ka orí kan sókè nínú Ìwé Mímọ́ níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́. Nílé tiwa, èmi ló ń dá orin, ọkọ mi ló ń gbàdúrà, Màmá ló ń kàwé. Kò sí ẹni tó ń gba iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ ṣe.

Ó sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa, láìbínú: "Ọjọ́ tí mi ò bá lè kàwé mọ́, ẹ gbé mi padà sí Ìmíni. Kí n lọ máa bá àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó. Mi ò ní máa wà ní pálọ̀ yín bí àpótí tí wọ́n gbé síbẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Màmá kì í sọ ohun tí kò ní ṣe, n kò sì fẹ́ kó lọ. Télọ̀ ni mí, aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo ń rán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Àwọn ọmọ tiwa ti lọ dá ilé tiwọn sílẹ̀, ọkọ mi a sì máa jáde láàárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Màmá ló ń jókòó tì mí, tó ń ṣa bọ́tìnì, tó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ń sọ ti àwa méjèèjì.

Lọ́dún tó kọjá, ilé tuntun pọ̀ sí i ládùúgbò wa, tiransifọ́mà kan náà ló sì ń gbé gbogbo wa. Bí àwọn tó lọ sí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ bá ti dé, tí kálukú tan fáànù àti firíìjì rẹ̀, iná á wálẹ̀. Hááfù kọ́rẹ́ǹtì ni a ń pè é. Àwọn sípọ́tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á pọ́n bí ẹyin iná tí eérú ti ń bò. Wọn kò kú, wọn kò sì yè.

Màmá kò ráhùn. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó fu mí lára. Tẹ́lẹ̀, bí orí ṣe tẹ̀lé orí ló ṣe ń kà á, kì í fo ọ̀kankan. Nígbà tó yá, àwọn sáàmù kúkúrú tí gbogbo ayé mọ̀ nìkan ló kù tó ń kà. Ó ní ọkàn òun ló ń fà sí wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ka ọ̀kan nínú wọn, ohùn rẹ̀ ń lọ geere. Èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹ̀yìn ìwé yẹn nígbà tó já, mo sì mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ojú ewé ni sáàmù náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ewé ló parí sí. Màmá kà á dópin. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣí ewé. Mo wo ọwọ́ náà. Màmá gbójú sókè, ó rí mi. A ṣe Àmín.

Ọkọ mi kò rí nǹkan kan ní tirẹ̀, àmọ́ ó ti ṣàkíyèsí pé Màmá ń fi ìwé sún mọ́ ojú. Àánú ló ṣe é tó fi sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ ò ṣe kúkú sinmi? Kí ìyàwó yín máa bá wa kà á."

Màmá pa ìwé dé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé ná."

Ní ọjọ́ kejì, mo rí i nínú yàrá rẹ̀ tó ń ṣa àwọn ìró rẹ̀ sínú báàgì, èyí tó nípọn sísàlẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ sókè. Mo mọ̀ pé Ìmíni ló ń múra àti lọ.

Bóyá ojú rẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n dókítà ojú ti wò ó, ó ti fún un ní jígí, ó ní ojú náà kò burú fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń yí lọ́kàn mi nígbà tí òwú já lẹ́nu máṣìnì mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo ń ti òwú, kò wọlé. Màmá na ọwọ́, ó gba abẹ́rẹ́ tí mo fi ń fọwọ́ rán aṣọ, ó sì ti òwú bọ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó tó yíjú sí ti máṣìnì.

"Sún," ó ní. "Inú fóònù ni ẹ̀yin sọ ojú tiyín nù sí."

Mo kàn jókòó, mo ń wò ó. Ẹni tó rí ojú abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án, tí kò wá rí lẹ́tà gàdàgbà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ojú kọ́ ló ń dùn ún. Iná ni.

Mo sọ fún ọkọ mi, mo ní kí a dán LED wò, irú gílóòbù tí kì í gbóná bí tiwa. Ó kọ́kọ́ gbèjà iná àbúrò rẹ̀, àmọ́ nígbà tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọjọ́ kejì, ó gbé páálí kékeré kan bọ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó pa ẹran. Gílóòbù LED ni, ó rà wọ́n lẹ́bàá títì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi gbohùngbohùn polówó. Ó gun àpótí, ó yọ halójìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fi tirẹ̀ sí i. Pálọ̀ wa funfun báláú, funfun tí ó ní búlúù nínú.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Kí ló dé tí ẹ wá tan iná mọ́ṣúárì?"

Nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì wálẹ̀, àwọn gílóòbù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Màmá ṣí ìwé, ó tún pa á dé. "Àwọn lẹ́tà ń jó," ó ní. "Èmi ò sì ní bá wọn jó." Ó ka sáàmù rẹ̀ láìwo ìwé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, méjì ti kú pátápátá nínú àwọn gílóòbù náà. Ọkọ mi dá halójìn padà sípò.

"Ṣé o rí LED rẹ?" ó wí fún mi nígbà tí mo ní ká ra èyí tó wọ́n. "Iná kan náà ni gbogbo wọn, Ìyá wọn. Èyí tó wọ́n kàn wọ́n lásán ni."

Èmi náà kò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ. Mo kàn fẹ́ rí i. Nígbà tí mo máa lọ ra òwú ní Ọ̀yọ́, mo di halójìn kan tó ti jó mọ́ inú báàgì mi fún àpẹẹrẹ, mo sì yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta nǹkan iná nítòsí àwọn olówùú. Ó gbé LED kan jáde tó rí bí àpẹẹrẹ mi gẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ méjì. Ó wúwo lọ́wọ́. Ó sọ iye rẹ̀ fún mi, mo sì bi í bóyá ti páálí odindi ló ń sọ.

"Ti ọ̀kan ni, Àǹtí. Ojúlówó ni."

Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í ra gílóòbù láìrí i kó tàn. Ọlọ́jà á fi í sínú ihò iná lára pátákó, á tàn, oníbàárà á mi orí pé ó dáa. Lẹ́yìn orí mímì yẹn, ohun yòówù tó bá ṣe é, tìrẹ ni. Ó fi í sínú ihò, ó tàn. Mi ò mi orí. Mo yọ òwú méjì nínú báàgì, dúdú àti búlúù tó ṣú, tí wọ́n fi ń rán ṣòkòtò àwọn ọmọ ilé ìwé. Lábẹ́ àwọn sípọ́tì wa, ọ̀kan náà ni wọ́n; ó ti tì mí lójú rí nítorí èyí. Lábẹ́ gílóòbù yìí, dúdú jẹ́ dúdú, búlúù sì jẹ́ búlúù, bí ẹni pé mo gbé wọn síta nínú oòrùn.

"Ìgbà wo ni iná máa ń wálẹ̀ níbí?" mo bi í.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣebí ó ti tàn lójú yín."

"Iná tó kún ló fi tàn. Tilé wa kì í kún."

Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin télọ̀! Ẹ ti wọn iná, ó kù kí ẹ gé e. Ó di ìrọ̀lẹ́ o."

"Màá dúró."

"Ẹ jókòó sórí páálí yẹn. Bí oníbàárà bá dé, ẹ ṣáà máa sọ pé ọjà mi dáa."

Mo jókòó. Oníbàárà wọlé, wọ́n jáde, n kò sì sọ nǹkan kan. Bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń lẹ́, fáànù orí wa bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, gílóòbù pupa tó wà lẹ́nu ọ̀nà pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún. Ọlọ́jà náà fi ọ̀kan nínú àwọn LED olówó pọ́ọ́kú sí ihò kejì. Ó ń ṣẹ́jú bí tilé wa gẹ́lẹ́. Èyí tó wọ́n tàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Mo mi orí.

Owó rẹ̀ dùn mí, n kò ní parọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè rà. Láti Ọ̀yọ́ kọjá Ìlọrà títí dé ilé, àárín òwú lórí itan mi ni mo gbé e sí.

"Ọ̀kan?" ọkọ mi pariwo lórí àpótí. "Owó ọ̀kan yìí á ra odindi páálí tèmi!"

"Ọ̀kan náà ló wà lókè Màmá."

Ó fi sí i, ó ń kùn. Lẹ́yìn oúnjẹ, kọ́rẹ́ǹtì wálẹ̀ bó ti máa ń wálẹ̀. Márùn-ún pọ́n, ẹyọ kan mọ́lẹ̀ kedere. Mo dá orin. Màmá jókòó, ó ṣí ìwé sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sáàmù rẹ̀ láìwolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé àárín orí.

"Kí lẹ ṣe sí iná yìí? Kò sè mí."

Ó wo ìwé. Ó wò ó pẹ́. Mo wá gbọ́ ìró ewé, ewé púpọ̀, ó ń ṣí wọn padà sẹ́yìn títí ó fi dé ibi ègé aṣọ tí mo gé fún un láti fi sàmì, níbi tó ti kà dé kí iná tó bàjẹ́. Orí tó kún fún orúkọ ni, ẹnì kan bí ẹnì kan, ẹni yẹn bí ẹlòmíì. Kò sí ẹ̀dá alààyè tó mọ irú rẹ̀ sórí.

Màmá kà á. Orúkọ tó bá le, á dúró, á fi ìka tọ́ ọ, á pè é ní ègé ní ègé, á sì kọjá. Ọkọ mi tó máa jí lọ síbi iṣẹ́ ń yán.

"Màmá, ọ̀rọ̀ náà ti yé wa."

"Kí ló yé ọ? Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ ọkùnrin yìí."

Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó dúró. Ó fi itọ́ kan ìka, ó gbá etí ewé mú, ó sì ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi ló ń wò nígbà tó ń ṣí i. Ó sì ń bá àwọn orúkọ rẹ̀ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé ṣé LED tó wọ́n tó owó rẹ̀, màá ní ó tó o, bí ó bá ti wà lókè ẹni tó nílò rẹ̀, tí o sì ti rí i kó tàn nígbà tí iná kò dára. A ti ra méjì sí i láti ìgbà náà, ọkọ mi ló sì ra èkejì, kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Halójìn ló ṣì wà nínú àwọn mẹ́ta tó kù.

Ọyẹ́ dé. Mo dúró kí Màmá dárúkọ Ìmíni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó da báàgì rẹ̀ sórí ibùsùn, ó ń wá ìró tó nípọn. Ó ká àwọn yòókù padà sínú àpótí aṣọ.

"Ìyàwó mi," ó ní, "iná tó o rà yẹn dára. Àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú orí móoru. Wá ègé aṣọ, kí o rán fìlà fún mi."

Búlúù ni mo fi rán an lálẹ́ lábẹ́ iná náà, òwú búlúù, kì í ṣe dúdú.