Sójà Nídìí Òfì Ìyá Rẹ̀

Ọkọ mi ṣe sójà títí ogun fi gba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lápá Àríwá. Nígbà tó padà sí Kàbà, ìjọba ń fún un ní pẹ́ńṣọ̀n, wọ́n sì ń fi owó díẹ̀ kún un nítorí ẹsẹ̀ náà. Owó tíṣà tèmi náà ń wọlé, ebi ò pa wá. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọwọ́ rẹ̀ ò rí nǹkan ṣe. Aago márùn-ún ló ń jí bíi pé fèrè bárékè ń dún létí rẹ̀, á jókòó sí fàráńdà, á máa pàṣẹ fún àwọn adìẹ mi. Kò sí adìẹ tó dá a lóhùn rí.

Ìyá rẹ̀ ń hun aṣọ kíjìpá ní Ògìdì. Lọ́dún tí èjìká màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, a lọ kí i, a bá aṣọ kan lórí òfì tí kò tíì dé ìdajì. Màmá ní aṣọ ìyàwó ni, àwọn tó ni ín ń bọ̀ lọ́tunla.

Òfì tí àwọn ọkùnrin ń lò, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ti àwọn obìnrin wa yìí, ògiri ló máa ń fara tì, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi wò ó, ó tún un wò. Kí n tó mọ̀, ó ti jókòó sídìí rẹ̀.

Mo ní, "Sójà, iṣẹ́ obìnrin lẹ fẹ́ bá wọn ṣe yẹn?"

"Tíṣà, gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ta ló ń bá màmá ran òwú ní kékeré?"

Aṣọ ìyàwó parí kí àwọn tó ni ín tó dé. Màmá ní ká kúkú gbé òfì náà lọ sí Kàbà. Kò pẹ́ tí aṣọ rẹ̀ fi ń dé Ìyàmoyè, nígbà tó sì yá, iléèwé kan ní Ayétòrò-Gbẹdẹ ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní aṣọ híhun. Iṣẹ́ oṣù gidi ni. Mo bi í pé tíṣà méjì nínú ilé kan, ta ni yóò wá ṣe ọmọ iléèwé? Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sí àwọn adìẹ. Pírínsípà ní kó mú èsì wá, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣe sójà ló wá da omi tútù sí i lára. Ó ní ọjọ́ tí ìjọba bá gbọ́ pé ẹni tí ogun ṣe léṣe ń ṣiṣẹ́, wọn á ní ara rẹ̀ ti yá, wọn á yọ owó ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mọ́tò àjèjì bá ti dúró níwájú ilé wa, ọkọ mi á fò kúrò nídìí òfì, èmi á sì sáré jókòó síbẹ̀ bíi pé èmi ni mò ń hun aṣọ. Èmi tí mi ò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn ni wọ́n fi àyẹ̀wò àwọn tó ń gba pẹ́ńṣọ̀n sí. Ọkọ mi ti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ya léjìká, ó fi ọ̀pá méjì sí abíyá.

Mo ní, "Ẹ wá dà bí ẹni tí àna lé jáde."

"Má pa mí lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá bi ọ́, mi ò ṣe iṣẹ́ kankan."

Ní gbọ̀ngàn àyẹ̀wò, gbogbo ìlà ń kí ara wọn ní "Okun o", ìkíni ilẹ̀ wa. Ọ̀gá obìnrin kan ló jókòó sídìí tábìlì. Ó gba ìwé ọkọ mi, ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí. Ọkọ mi ń tún ọ̀pá rẹ̀ ṣe lábíyá. Obìnrin náà gbójú sókè.

"Sájẹ́ǹtì, kí ló funfun nínú irùngbọ̀n yín yìí?"

Òwú ni. Mo ti yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò nílé, mi ò rántí irùngbọ̀n. Ọkọ mi wo ojú mi, èmi ń wo fáànù. Ó lè sọ pé òwú inú ìrọ̀rí ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán bíi pé ó wà lórí pápá.

"Òwú ni, màdáámù. Aṣọ ni mò ń hun. Wọ́n tún ti fún mi ní iṣẹ́ tíṣà. Bí ẹ bá máa yọ owó ẹsẹ̀ mi, ẹ sọ fún mi lónìí, torí ọ̀la ni mo máa dá wọn lóhùn."

Màdáámù wo ìsàlẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀.

"Ṣé ẹsẹ̀ náà ti hù padà?"

"Rárá, màdáámù."

"Ẹsẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ lójú ogun là ń san owó rẹ̀, a ò san owó ìjókòó fún yín. Ọjọ́ tó bá hù, ẹ wá fi hàn wá. Iṣẹ́ tí ẹ ò bá kọ sínú fọ́ọ̀mù mi ló lè kó yín sí wàhálà." Ó ti báírò sí i. "Ẹ kọ iṣẹ́ yín síbẹ̀."

Kó tó kọ ọ́ tán, ẹnì kan ti ń sọ lẹ́yìn wa pé, "Màdáámù, èmi náà ń tún rédíò ṣe o." Òmíràn ní òun ń sin oyin. Ọ̀rẹ́ tó dẹ́rù bà wá, tó ti fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀, ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà fún òun. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń sìn láti ọjọ́ yìí wá.

Mo bi í pé, "Ọ̀gá, ẹlẹ́dẹ̀ mélòó lẹ kó pamọ́?"

"Tíṣà, má bi mí níwájú ìjọba."

Bí a ṣe jáde, ọkọ mi ń fi ọ̀pá méjèèjì fò lọ, èmi tí mo ní ẹsẹ̀ méjì ń sá tẹ̀ lé e.

"Ibo là ń lọ?"

"Ayétòrò-Gbẹdẹ. Pírínsípà ò tíì kúrò níbi iṣẹ́."

"Sójà, ẹsẹ̀ yín wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ó ti wọ mọ́tò mi. "Fi í síbẹ̀. Òfì ò béèrè ẹsẹ̀."

Mo ṣáná sí mọ́tò. Mo nawọ́ kí n bá a yọ òwú tó wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó ní sàtífíkéètì òun nìyẹn.